Fífagi Lé Orúkọ Ènìyàn

Nígbà tí ìdìbò bá ń súnmọ́lé, tí ìròyìn ń gorí ìròyìn, tí a sì gbọ́ pé wọ́n ti fagi lé orúkọ lágbájá, kíá ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbà pé olè ni, tàbí pé ó hu ìwà kan tí kò ṣeé sọ ní gbangba. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ẹ̀sùn lọ, ó sì ń dùn mí pé a ń fi í ba ẹni rere lórúkọ jẹ́.

Igi tí à ń wí yìí kì í ṣe igi oko, ìlà tí akọ̀wé fi gègé fà sórí orúkọ ni. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé nìkan ni a lè fagi lé. Ẹni tí ó dìje tí ó pàdánù, ó fìdí rẹmi ni. Ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ìwé rẹ̀ kò tó, a ó ní kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Ẹ wo abala 137 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí ó ti ka àwọn tí kò gbọdọ̀ di Ààrẹ: ó ka ẹni tí ó mú ayédèrú ìwé-ẹ̀rí lọ fún àjọ elétò ìdìbò, ó ka ẹni tí a dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún nítorí jìbìtì láàárín ọdún 10 tí ó ṣáájú ìdìbò, ó ka ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ awo, lẹ́yìn náà, nínú abala yìí kan náà, ó ka ẹni tí aráàlú ti fi ọwọ́ ara wọn dìbò yàn sí ipò náà lẹ́ẹ̀mejì! Ìlà kan náà ni òfin fà sórí ayédèrú àti sórí ọlá. Abala 131 ń béèrè ọdún 35, èyí tí ó jẹ́ 40 kí a tó tún un ṣe ní 2018. Ọmọ ọdún 36 kò kúnjú òṣùwọ̀n ní 2015, ọmọ ọdún 36 mìíràn lẹ́tọ̀ọ́ ní 2019, ìwà kọ́ ni ó yí padà.

Lórí pápá eré ìdárayá pẹ̀lú, ní Daegu ní 2011, wọ́n lé asáré Usain Bolt kúrò nínú àṣekágbá eré 100 mítà nítorí pé ó sáré kí ìbọn tó dún. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí olùdíje ka òfin kí ó tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin oníròyìn ni mo sì bẹ̀, nítorí ẹyin lọ̀rọ̀: ẹ má ṣe kéde pé a fagi lé ẹnikẹ́ni láìsọ ìdí rẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà.