Ìpẹtà, Èépá àti Kíkẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ìfọ̀mọ́ Owó Onírin Àtijọ́

Nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ hú owó àtijọ́ jáde, ó rọrùn láti pe ohunkóhun tí ó bò ó lára ní ìpẹtà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò tó, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìpẹtà yóò fẹ́ ha á kúrò.

Irin gan-an ni ó ń ní ìpẹtà: ó pupa, ó ń ṣí, ó sì ń jẹ irin wọ inú. Ti bàbà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo kọ́bọ̀ kan tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ná ní 1973, tí bàbà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi ilẹ̀ a máa fi ohun líle aláwọ̀ ewé bo irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun yìí ń dáàbò bo bàbà abẹ́ rẹ̀; nígbà mìíràn, inú rẹ̀ ni àwòrán ojú owó kù sí. Àbá wa ni pé kí a pè é ní èépá, nítorí pé bí èépá ṣe ń bo egbò ni.

Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ilẹ̀ bá wọ inú bàbà, ohun lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ a hù jáde, ọ̀rinrin a sì mú un gbilẹ̀. Èyí ni kíkẹ̀, bí egbò ṣe ń kẹ̀.

Orúkọ ni yóò tọ́ka ìtọ́jú. Owó tí ó ní èépá, omi tí kò ní iyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni a ó fi mú erùpẹ̀ nìkan kúrò lára rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan àti yanrìn jẹ́ èèwọ̀. Èyí tí ó bá ń kẹ̀, ibi gbígbẹ ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí títí onímọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Atúmọ̀ tí ó bá kọ “ẹ ha ìpẹtà kúrò” ti ní kí òǹkàwé ha ọdún àti àwòrán owó náà dànù.