Àpótí Létí Adágún Ìyákẹ́

Lórí òkè Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, lókè àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300, ni adágún Ìyákẹ́ wà. Ìtàn ìlú sọ pé kò nísàlẹ̀, pé ayé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ kì í padà. Àwọn kan ní méjì péré ni irú rẹ̀ lágbàáyé. Ọ̀rọ̀ ìpolówó nìyẹn, Ìyákẹ́ kò sì nílò rẹ̀.

Eré kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, geocaching ni orúkọ rẹ̀. Eléré a gbé àpótí pamọ́, a sì kéde ibi tí ó wà kí ẹlòmíràn fi ẹ̀rọ wá a kàn. Ẹni tí ó bá mú nǹkan nínú rẹ̀ yóò fi òmíràn dípò.

Irú ibi báyìí ni àwọn eléré fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nínú àpótí, létí omi tí ìlú ń bẹ̀rù, ta ni yóò pè é ní eré? Ẹbọ ni ará Adó yóò pè é. Èyí tí ó tún burú ni kí àlejò bá ẹbọ gan-an níbẹ̀, kí ó rò pé eré ni, kí ó ṣí i.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ ní kí eléré gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní Adó, ààfin Aládó ni yóò kọ́kọ́ yà sí, kí ó tó fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn.