“Ṣé Ara Le?”: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Aláìlera Dáhùn Lórí Tẹlifóònù

Bí a bá kí Yorùbá pé “Ṣé ara le?”, ìdáhùn kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀: “A dúpẹ́.” Ì báà jẹ́ pé orí ti ń fọ́ ọ láti àná, ì báà jẹ́ pé orí ìjókòó ló sùn mọ́jú nítorí ìrora ẹsẹ̀, “A dúpẹ́, ara le” náà ni yóò sọ. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ìwà onígbàgbọ́ sì ni pẹ̀lú, nítorí kò yẹ ká jẹ́ aláìmoore sí Ọlọ́run tó dá wa sí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìdáhùn yìí ti ń kó àwọn ènìyàn wa sí wàhálà. Ibẹ̀ ni orí tẹlifóònù ní ìlú ọba, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá pe aláìlera láti mọ̀ bóyá owó ìrànwọ́ ìjọba tọ́ sí i.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló kan àwa tí a wà ní Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin níhìn-ín, nínú ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó. Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn ọmọ wa, àwọn àbúrò wa àti àwọn tí a jọ dàgbà wà ní London, Manchester àti Birmingham. Bí ara wọn kò bá dá, ilé ni wọ́n máa ń pè. Bàbá àti ìyá tó wà nílé ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, pásítọ̀ ilé ló sì ń bá wọn gbàdúrà. Bí ìmọ̀ràn wa kò bá tọ̀nà, àwọn ni yóò jìyà rẹ̀.

OWÓ WO NI, TA LÓ SÌ TỌ́ SÍ?

Orúkọ owó náà ni Personal Independence Payment, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PIP. Ọdún 2013 ni ìjọba ìlú ọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ́pò owó aláìlera ti àtijọ́, fún àwọn tó ti pé ọdún 16 títí dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ní Scotland, ètò mìíràn tó jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2022. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gba PIP, wọn kì í sì í wo iye tí ènìyàn ní ní báńkì. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìnira tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń fà lójoojúmọ́. Ìnira náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 3, kó sì jọ pé yóò tún wà fún oṣù 9 mìíràn ó kéré tán.

Kí ọmọ yín tó bèèrè fún un, kó kọ́kọ́ wo físà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ físà, irú bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́, ló kà á léèwọ̀ fún ẹni tó ni ín láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba, PIP sì wà lára owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lòdì sí òfin lè ba ìwé ìgbélùú ara rẹ̀ jẹ́. Kódà ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, lọ́pọ̀ ìgbà ó gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ fún ọdún 2 nínú ọdún 3 tó kọjá.

BÍ ÀYẸ̀WÒ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Fọ́ọ̀mù gígùn kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń fúnni ní oṣù 1 láti kọ ọ́ kí a sì dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò. Tẹ́lẹ̀ rí, ojúkojú ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n dá ti ojúkojú dúró, tẹlifóònù sì gba iṣẹ́ náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbà tó wákàtí 1, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń pè lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, láti ilé-iṣẹ́ tí ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún. Nọ́ńbà rẹ̀ lè má hàn lójú fóònù. Òun kọ́ ló ń pinnu. Ìròyìn ni yóò kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní DWP, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá owó yóò jáde tàbí kò ní jáde.

Ohun 12 ni wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀. Mẹ́wàá jẹ mọ́ ìgbé ayé ojoojúmọ́: sísè oúnjẹ, jíjẹ àti mímu, lílo oògùn, wíwẹ̀, lílo ilé ìyàgbẹ́, wíwọ aṣọ, sísọ̀rọ̀ àti gbígbọ́rọ̀, kíkàwé, wíwà láàárín àwọn ènìyàn, àti ṣíṣètò owó. Méjì jẹ mọ́ ìrìn: mímọ ọ̀nà ibi tí à ń lọ, àti fífi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ń fún ènìyàn ní máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí máàkì bá pé 8 ní apá kan, owó yóò jáde fún apá náà. Bí ó bá pé 12, owó náà yóò pọ̀ sí i.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Òfin kò dúró lórí “Ṣé o lè ṣe é?” nìkan. Ó ń bèèrè bóyá o lè ṣe é láìsí ewu, kó sì dára bó ṣe yẹ, kí o sì lè tún un ṣe ní iye ìgbà tó yẹ, láìpẹ́ jù. Bí ohun kan bá ń gbà ọ́ ju ìlọ́po 2 àkókò tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ń lò fún un, òfin kà á sí pé o kò lè ṣe é bó ṣe yẹ. Bákan náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ara yá nìkan ni wọ́n ń wò. Bí nǹkan ṣe ń rí ní èyí tó ju ìdajì ọjọ́ lọ nínú ọdún ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

TẸLIFÓÒNÙ KÒ NÍ OJÚ

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá jókòó níwájú rẹ tó ń sọ pé ara òun le, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Lórí tẹlifóònù, ohùn nìkan ni. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò rí ọ̀pá tí aláìlera fi ń rìn, kò sì rí i bó ṣe di ògiri mú kó tó dé ìdí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìrora bá dé, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọrin. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ fúyẹ́ gan-an ni wọ́n pè é.

“Báwo ni ara yín lónìí?” “A dúpẹ́, ara le.”

“Ṣé ẹ máa ń se oúnjẹ?” “Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń sè.” Kò sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń bá òun gé iṣu àti ẹran, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ń lọ jókòó kí ìkòkò ìrẹsì kan tó jinná.

“Ṣé ẹ lè rìn?” “Mo ń rìn.” Kò sọ pé òun kì í rìn jìnnà kí ìrora tó dá òun dúró. Bẹ́ẹ̀, mítà 20, tí kò tó gígùn bọ́ọ̀sì ńlá méjì, àti mítà 50, tó jẹ́ bí ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, wà lára ohun tí òfin fi ń wọn máàkì ìrìn.

Obìnrin yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ kò pé. Ohun tó dé etí òṣìṣẹ́ ni pé ó ń sè, ó ń rìn, ara rẹ̀ sì le. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà yóò kọ sílẹ̀ nìyẹn.

ṢÉ ÌJẸ́WỌ́ ÀÌSÀN LÈYÍ?

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí àwọn ènìyàn wa máa dáhùn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni àṣà ìkíni tí a ti sọ. Èkejì ni ìtìjú: bàbá wo ló fẹ́ sọ fún àjèjì pé ọmọ òun ló ń wẹ òun? Ẹ̀kẹta kan àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an. A ti kọ́ àwọn ènìyàn wa láti máa fi ẹnu jẹ́wọ́ ìwòsàn. Nítorí náà, ìyá yóò pe ọmọ rẹ̀ láti ilé ní alẹ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, yóò ní, “Má fi ẹnu rẹ gba àìsàn o! Sọ fún wọn pé o ti rí ìwòsàn.” Ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Bíbélì fi hàn wá.

A gba ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run gbọ́, a kò sì ní dẹ́kun láti máa wàásù rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo Bartimeu afọ́jú nínú Máàkù orí 10. Jésù bi í léèrè ohun tó ń fẹ́. Kò fi ojú rẹ̀ pamọ́, kò díbọ́n bí ẹni tó ríran. Ó sọ pé òun ń fẹ́ ríran. Ẹ tún wo ọkùnrin Betesda nínú Jòhánù orí 5, tó ti wà nínú àìsàn fún ọdún 38. Ó sọ fún Olúwa pé òun kò ní ẹni tí yóò gbé òun sínú omi, àti pé kí òun tó rọra dé ibẹ̀, ẹlòmíràn ti sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú òun. Ẹ ò rí i pé irú ìdáhùn tí wọ́n ń wá lórí tẹlifóònù nìyí? Ohun tí kò lè ṣe, ìrànlọ́wọ́ tí kò ní, àti bó ṣe ń pẹ́ ẹ tó, gbogbo rẹ̀ ló sọ. Olúwa kò bá a wí pé ó fi ẹnu gba àìsàn. Ó mú un lára dá.

Pọ́ọ̀lù tí Ọlọ́run ń lò fún iṣẹ́ ìyanu kò fi àìlera Tímótì pamọ́ nínú ìwé tó kọ sí i, ó sì sọ gbangba pé òun fi Trofimu sílẹ̀ ní Miletu nínú àìsàn. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 9, Mefiboṣeti yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìtàn náà kò sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Ohun tó sọ ni pé Dáfídì dá ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ padà fún un, ó sì ń jẹun nídìí tábìlì ọba. Gbígba ìrànlọ́wọ́ kò túmọ̀ sí pé a ti sọ ìrètí nù. Ẹni tó ń retí ìwòsàn lè sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lónìí, kó sì tún kúnlẹ̀ gbàdúrà lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irọ́ kún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba owó yìí lè dé kóòtù, yóò sì dá owó padà. Òtítọ́ tó pé ni à ń wí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

ÌMỌ̀RÀN TÍ Ẹ LÈ GBA ỌMỌ YÍN

1. Kó tọ́jú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó kọ, kó sì gbé e síwájú nígbà tí wọ́n bá pè é.

2. Kó máa kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí.

3. Kí ọkọ, aya, ọ̀rẹ́ tàbí ará ìjọ kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin gbà á láyè, onítọ̀hún sì lè bá a dá sí i. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kó bèèrè ògbufọ̀ kí ọjọ́ tó pé.

4. Kó má dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni” lásán. Kó sọ bó ṣe ń ṣe é, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá lọ́jọ́ náà, kó sọ iye ọjọ́ tí kì í rí bẹ́ẹ̀ nínú oṣù.

5. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Bí kò bá sì gbọ́ ìbéèrè, kó ní kí wọ́n tún un bi òun.

6. Bí ìpè bá kọjá lórí rẹ̀, kó pè wọ́n padà kíákíá, nítorí wọ́n lè torí rẹ̀ fagi lé ìbéèrè rẹ̀. Kó má sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

7. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kó má jókòó sunkún. Kó bèèrè ẹ̀dà ìròyìn tí òṣìṣẹ́ kọ. Ó ní oṣù 1 láti ní kí DWP tún ọ̀rọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ó ní oṣù 1 mìíràn láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tí kò sí lábẹ́ DWP. Láti ọdún púpọ̀ wá, ju ìdajì àwọn tí ẹjọ́ PIP wọn dé iwájú ìgbìmọ̀ yìí ló ń borí. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Citizens Advice ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, kò sí nọ́ọ̀sì tí yóò pe aláàbọ̀ ara ní Ọ̀fà Garage láti bèèrè bó ṣe ń wọṣọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ṣíṣe ojúsàájú sí àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, ilé-iṣẹ́ lè san ₦1,000,000. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé, àkókò yẹn sì ti pé ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ṣètò owó oṣooṣù bíi PIP. Fún ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ọdún 2010 wà tí àjọ NSITF ń bójú tó. Kí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sí lábẹ́ ètò yìí. Awakọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Ọ̀fà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ojú ìdílé àti ìjọ ló ń wò. Àwa ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, àwa ni à ń bèèrè pé “Ṣé ara le?” Bó bá dáhùn pé “A dúpẹ́”, ká má tètè sọ pé “Ògo fún Ọlọ́run” ká sì gbé fóònù sílẹ̀. Ká tún bèèrè: Ta ló bá yín pọn omi lónìí? Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé oògùn kò tíì tán? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú aláìní nínú ìjọ, ẹ má ṣe fi ipá mú aláìlera láti wá jẹ́rìí ìwòsàn tí kò tíì rí kó tó lè rí ìrẹsì gbà. Bí aláìlera kò bá lè sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, ibo ni yóò ti sọ ọ́?

Kí Olúwa wo àwọn aláìlera wa sàn, nílé àti lẹ́yìn odi. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, kí Ó fún wọn ní ẹnu láti sọ òtítọ́, kí Ó sì fún àwa ní etí láti gbọ́ ọ. Àmín.