Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Àga àti Tábìlì fún Ilé àti Ibi Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tí à ń jókòó lé lójoojúmọ́, tí a kì í sì í sábà ronú nípa rẹ̀. Àga ni, tábìlì ni, ibùsùn ni, kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi owó tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ kó jọ ra àga, nítorí pé wọ́n rí irú rẹ̀ ní ilé ẹlòmíràn. Kí ọdún méjì tó pé, fóòmù ti rì, ẹsẹ̀ àga ti yẹ̀, kòkòrò sì ti ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Owó ti lọ, ẹ̀yìn sì ń dun onílé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í wo ìtẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó kọ́ tirẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń wò.

1. Bí àga ṣe pọ̀ láàrin wa

Ní ayé àtijọ́, ohun ìjókòó kò pọ̀ ní ilé Yorùbá. Ẹní ni à ń tẹ́. Àpótí ni àwọn ìyá wa fi ń jókòó nídìí ààrò. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a máa fi amọ̀ mọ pèpéle mọ́ ara ògiri. Níbẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń gba atẹ́gùn, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ ọnà o. Ìjókòó kan wà tí àwọn ará Ifẹ̀ fi òkúta líle gbẹ́ ní ayé àtijọ́. Ó wà ní British Museum ní ìlú London títí di òní.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà dáadáa. João Baptista da Costa ni ó darí kíkọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ní Èkó, tí a ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ Èkó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ Àgùdà, iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígi sì tàn ká.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní PWD a máa ṣe àga fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Igi ni ara rẹ̀, ó ní apá méjì, tìmùtìmù rẹ̀ sì ṣeé gbé kúrò. Àwọn káfíńtà wa wò ó, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, àga ńlá onífóòmù gba ọ̀pọ̀ pálọ̀. Ní 1972, Henry Massonnet, ará Faransé, gbé àga oníke kan jáde tí a lè ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á yọ́ ike, wọ́n á tì í sínú agbada irin tí ó ti ní àwòrán àga, ó di àga nìyẹn. Irú àga bẹ́ẹ̀ ni à ń tò síbi ìnáwó káàkiri lónìí.

Ẹ wò ó, láti orí pèpéle dé orí àga oníke, àṣà ń yí padà. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn ènìyàn kò yí padà. Nítorí náà, ara ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

2. Ẹ wọn ara yín

Ẹ mú okùn kan. Ẹ jókòó kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ẹnì kan wọ̀n láti ilẹ̀ dé abẹ́ itan yín, lẹ́yìn orúnkún. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìjókòó àga yín ga dé. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, yóò tó ínǹṣì 16 sí 18.

Bí àga bá ga jù, ẹsẹ̀ yóò máa rọ̀ dirodiro, etí àga yóò máa tẹ itan, ẹsẹ̀ yóò sì kú tipiri. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, dídìde yóò di ìjàkadì. Bàbá tàbí ìyá tí orúnkún ń dùn kò nílò àga rírì tí ń gbé ènìyàn mì. Àga tí ó le díẹ̀, tí ó ní apá tí wọn lè fi ọwọ́ tì dìde, ni ó yẹ wọ́n.

Tábìlì ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ yín ní ìgúnpá. Ibi tí ìgúnpá wà ni ó yẹ kí orí tábìlì wà. Láti ìjókòó àga dé orí tábìlì, ínǹṣì 11 tàbí 12 ni. Tábìlì ìkọ̀wé a máa ga tó ínǹṣì 28 sí 30.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀kọ́ yín gan-an. A ti rí àgbàlagbà tí ó fẹ́ràn ìwé, ṣùgbọ́n tí ó pa á tì. Ó ní orí òun kò gbà á mọ́. Kì í ṣe orí o. Orí àpótí kúkurú ni ó ń jókòó sí, orí itan ni ó ń gbé ìwé lé, ọrùn sì tẹ̀ kọrọdọ fún wákàtí kan. Ta ni ẹ̀yìn kò ní dùn? Ẹ wá tábìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ọwọ́ òsì, kí òjìji ọwọ́ yín má bàa bo ohun tí ẹ ń kọ.

Bákan náà ni ní ibi iṣẹ́. Télọ̀ tí ó ń tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ìfẹ̀yìntì yóò mọ̀ ọ́n lára. Kí ó ra àga tí ó ní ẹ̀yìn kí ó tó ra kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìyá olóúnjẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò lójoojúmọ́ lè ní kí bíríkìlà gbé ààrò náà ga dé ìbàdí, kí ó lè máa dúró ro ọkà rẹ̀.

3. Ẹ wọn yàrá yín

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí á ní pálọ̀ kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Àga gígùn onífóòmù a máa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 láti ẹ̀yìn dé iwájú. Bí a bá gbé ọ̀kan sí ara ògiri yìí, tí a gbé ìkejì sí ara ògiri tọ̀hún, 6 ti lọ nínú 10. Ó ku 4. Bí a bá gbé tábìlì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín, ó ku 2. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ bàtà kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò ráyè kọjá? Bí ìyá arúgbó bá ń gbé omi kọjá níbẹ̀ lóru, tábìlì ni yóò fi orúnkún gbá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra àga, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìwọ̀n rẹ̀ sí ilẹ̀ pálọ̀ yín. Ẹ rìn yí i ká. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò bóyá yóò ṣí tán. Ibi tí ènìyàn yóò máa gbà kọjá yẹ kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kò wọ́n, ẹ lè nù ún nù. Àga tí ẹ ti ra kò ṣeé nù.

Ẹ tún wo ojú ọjọ́ wa. Ooru wà, ọ̀rinrin wà. Awọ oníke tí wọ́n fi ń bo àga a máa lẹ̀ mọ́ni lára nígbà ooru. Aṣọ òwú tí ó ṣeé bọ́ fọ̀ sàn jù ú lọ. Demas Nwoko, ayàwòrán àti akọ́lé tí a bí ní 1935, ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa wa àti igi wa ni ó ń lò, ó sì ń kọ́lé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní ìlú Venice ní Ítálì nítorí iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa kì í ṣe ohun ìtìjú.

4. Ẹ mọ irú igi

Pọ́líìṣì a máa bo ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń wo dídán àga tí kò wo igi rẹ̀, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìrókò àti apá jẹ́ igi líle. Ikán kì í tètè rí wọn jẹ. Ọ̀gànwó rẹwà, ó sì dára fún tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, láti Éṣíà ni a ti mú un wá, ṣùgbọ́n a ti gbìn ín púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì le dáadáa. Arère fúyẹ́, ó rọ̀ fún ayùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. A lè fi arère ṣe ohun tí a kò ní gbé ẹrù wúwo lé, bí a bá fi oògùn sí i. Kí a má ṣe san owó ìrókò lórí rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Igi kọ̀ọ̀kan ní inú, ó sì ní ẹ̀gbẹ́. Inú ìrókò pọ́n, ó sì le. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó sún mọ́ èèpo funfun, kòkòrò sì lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ní, “Ìrókò ni o,” ẹ yí àga náà dé. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí pọ́líìṣì kò dé. Ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo. Ẹ wò ó bóyá ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀.

Pákó tí wọ́n ń pè ní MDF náà pọ̀ lọ́jà báyìí. Fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ooru tẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ a máa dán, kò sì wúwo lápò bí igi gidi. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, yóò wú bí ẹ̀bà. Kí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tàbí tí omi ń wọ ilé rẹ̀ yẹra fún un.

Igi tútù náà léwu. Bí a bá fi igi tí kò gbẹ ṣe àga, yóò máa sún kì bí ó ti ń gbẹ, gbogbo oríkèé rẹ̀ yóò sì tú. Ẹ béèrè bí káfíńtà yóò ṣe so ẹsẹ̀ mọ́ ara àga. Bí ó bá jẹ́ ìṣó nìkan ni, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa mì. Èyí tí ó lágbára ni pé kí ó gbẹ́ ahọ́n sí orí igi kan, kí ó lu ihò sí ara ìkejì, kí ó ki ahọ́n bọ inú ihò pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.

5. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

Ìjà àárín káfíńtà àti oníbàárà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní, “Apá ni mo sọ fún ọ.” Èkejì á ní, “Rárá, arère ni owó rẹ ká.” Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

Iṣẹ́: tábìlì ìkọ̀wé kan.
Igi: apá gbígbẹ. Kò gbọdọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ funfun.
Gígùn: ẹsẹ̀ bàtà 4. Ìbú: ẹsẹ̀ bàtà 2. Gíga: ínǹṣì 29.
Oríkèé: ahọ́n àti ihò, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.
Iye owó: ₦..........
Owó tí a san sílẹ̀: ₦.......... Èyí tí ó kù: ₦..........
Ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí: ..........
Ọwọ́ oníbàárà: .......... Ọwọ́ káfíńtà: ..........

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Kí ẹ mú ọ̀kan, kí káfíńtà mú ọ̀kan. Ẹ má san gbogbo owó tán kí ẹ tó rí iṣẹ́. Ẹ lọ wo tábìlì náà kí ó tó kùn ún, nítorí pé lẹ́yìn pọ́líìṣì, ojú kò lè rí inú igi mọ́. Káfíńtà rere kò ní bínú sí ìwé yìí. Ó ń dáàbò bo òun náà.

6. Ìtọ́jú

Ẹ fa àga kúrò lára ògiri díẹ̀. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ikán tí ó fi amọ̀ là, ẹ gbá a dànù, kí ẹ sì wá oògùn ikán sí ibi tí ó ti ń wá. Ẹ máa sá tìmùtìmù sí oòrùn. Ẹ yẹ ihò ara ibùsùn wò nítorí ìdun. Bí kọ́bọ́ọ̀dù gíga bá wà ní ilé tí ọmọdé wà, ẹ kàn án mọ́ ògiri, kí ó má bàa wó lu ọmọ tí ó bá gùn ún.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ òwe “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́” nínú ẹ̀kọ́ yìí?
2. Báwo ni a ṣe ń wọn bí ó ṣe yẹ kí ìjókòó àga ga tó?
3. Pálọ̀ kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Àga méjì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 kọjú sí ara wọn níbẹ̀, tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 2 sì wà ní àárín. Mélòó ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó tó fún ènìyàn láti kọjá?
4. Kí nìdí tí a fi ń yí àga dé kí a tó rà á?
5. Ẹ wọn àga tí ẹ jókòó lé báyìí. Ẹ kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ó bá ara yín mu?
6. Ẹ kọ ìwé àdéhùn fún àga kan tí ẹ fẹ́ kí káfíńtà ṣe fún yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.