ÍNFÁTÀ INÚ ỌKỌ̀: BÍ A ṢE Ń SO Ó ÀTI BÍ A ṢE Ń LÒ Ó LÁÌSÉWU

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó bá tọ́ sí imú ni a fi ń re imú. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn bí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ínfátà tí a ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ wáyà. Iṣẹ́ wa ló kàn án. Bí a bá lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ìgbèríko, iná ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ń jẹ, iná ni kámẹ́rà ń jẹ, iná náà ni kọ̀ǹpútà ń jẹ. Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní NEPA ti di ohun àtijọ́ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn kò tíì kúrò ní ọ̀pọ̀ ìletò.

Ní ọdún 2024, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sí ìletò kan ní agbègbè Òkè-Ògùn láti gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń kàwé fún oyè kejì ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Ó ti ra ínfátà oní-1000 wáàtì, rẹwáyà kan sì ti bá a so ó mọ́ bátìrì. Wáyà tí rẹwáyà náà lò kò nípọn ju èyí tí a fi ń so gílóòbù inú ilé lọ. Kò fi fíúsì kankan sí i. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ó gbé e gbà títí dé búùtù, níbi tí a gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sí nítorí pé a kò mọ̀ bóyá a ó rí epo rà lọ́nà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ̀gbọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀, a ki kọ̀ǹpútà méjì bọ ínfátà, a sì ki iná ńlá tí ń tànmọ́lẹ̀ fún kámẹ́rà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wa náà ń gba iná níbẹ̀, nítorí pé bátìrì tirẹ̀ ti kú. Láìpẹ́, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. A rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ibi tí bàbá gbé ń ki ẹfọ̀n lọ́wọ́ ni ó ti dákẹ́ lójijì, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ń rùn bí ọ̀rá tó jóná yìí?” Bí a ti bojú wẹ̀yìn, èéfín ń yọ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n sáré pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì já wáyà náà kúrò lórí bátìrì. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì epo, mo sá jáde. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ara wáyà ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ wà ní ìhòòhò, kò sì jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ibi tí kẹ́ẹ̀gì náà wà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo kọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí ni ínfátà ń ṣe?

Iná bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12 fóòtì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà bí omi odò. Iná inú ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 fóòtì, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ ínfátà ni láti sọ ti bátìrì di irú ti inú ilé. Kò lè dá iná kankan fúnra rẹ̀. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ bátìrì ni ó ń fún wa, ó sì tún ń bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Bí ó bá gba ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 85 sí 90 ni ó máa ń fi lélẹ̀. Ìyókù di ooru, ìdí nìyẹn tí ara ínfátà fi máa ń gbóná.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n ní 12 fóòtì kò lè gbé ènìyàn, nítorí náà wáyà tín-ín-rín tó fún un. Ẹ jẹ́ kí á fi iṣu wé e. Ká ní 600 iṣu ni a fẹ́ kó wọ ọjà. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kó 230 lẹ́ẹ̀kan, kò ní í lọ ju ìgbà mẹ́ta lọ kí iṣu tó tán. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá ń kó 12 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 50 ni yóò lọ. Bí iná ti rí nìyẹn. Iṣu tí a fẹ́ kó ni wáàtì, ìwọ̀n ẹrù ẹ̀ẹ̀kan ni fóòtì, iye ìgbà tí a lọ ni ámpíà. 600 wáàtì ní 230 fóòtì kò tó 3 ámpíà. Ní 12 fóòtì, 50 ámpíà ni, bí a bá sì fi èyí tí ínfátà ń bù jẹ kún un, ó ń lọ sí 60. Ọ̀nà tí gbogbo kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń gbà ni wáyà. Bí ọ̀nà bá há, wọn yóò máa fara ha ara wọn, ooru yóò sì dé. Ohun tí a lò ní alẹ́ ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350 wáàtì. Ìyẹn ju 30 ámpíà lọ, lórí wáyà tí kò yẹ kí ó gbé ju nǹkan bí 15 lọ.

Irú èyí tí ó yẹ kí á rà

Kí á kọ́kọ́ ka wáàtì tí ó wà lára ohun tí a fẹ́ lò, kí á ro wọ́n pọ̀, kí á sì ra ínfátà tí agbára rẹ̀ ju àròpọ̀ náà lọ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan máa ń jẹ nǹkan bí 65 wáàtì. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù oníná máa ń jẹ ju 1000 lọ, wọn kì í ṣe ẹrù bátìrì ọkọ̀. Fìríìjì àti ohunkóhun tí ó ní mọ́tò nínú máa ń fa ìlọ́po agbára rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra.

Kí á wò ó pé 220 sí 240 fóòtì ni ó ń gbé jáde, nítorí pé àwọn tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá máa ń gbé nǹkan bí 120 jáde. Oríṣi méjì ni ó sì wà lọ́jà. Iná èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ń lọ geere bí iná ilé. Iná èyí tí wọ́n kọ modified sine wave sí ń fò bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn. Èkejì yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ariwo “hùùù” wọ inú ohùn tí a ń gbà sílẹ̀, nítorí náà ti àkọ́kọ́ ló dára jù fún iṣẹ́ wa.

Èyí tí a ń ki bọ ihò ìtanná sìgá nínú ọkọ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n fíúsì ihò náà kì í sábà ju 10 sí 20 ámpíà lọ. Kí ó má ju 120 wáàtì lọ níbẹ̀. Bí fíúsì náà bá jó, ẹ má ṣe fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi wáyà wé e.

Bí a ṣe ń so ó

Èyí tí ó bá ju ìyẹn lọ, orí bátìrì ni a ń so ó mọ́ tààrà. Kí á pa ọkọ̀, kí á sì yọ wáyà nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Òun náà ni a óò dá padà kẹ́yìn.

Kí á wá ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ínfátà. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì kò dára, nítorí ooru àti omi. Kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ bátìrì, nítorí pé bátìrì tí ń gba iná máa ń tú afẹ́fẹ́ háídrójìn jáde, ẹ̀ta iná kékeré sì tó láti mú un bú gbàmù. Kí á fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò lu ènìyàn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Kí á má ṣe da aṣọ tàbí ẹrù bò ó.

Kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ó sì kúrú. Fún ínfátà oní-600 wáàtì, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 16 mm ló yẹ ẹ́. Fún oní-1000, 35 mm ni mo fara mọ́. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá gùn ju mítà mẹ́ta lọ, kí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Kí á fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà wò kí á tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Ìka tí kò tọ́ sí imú nìyẹn.

Fíúsì ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Orí wáyà pọ́sítíìfù ni ó ń wà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an sì ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ínfátà. Ìdí ni pé gbogbo irin ara ọkọ̀ ni ó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Bí rọ́bà wáyà bá bó lọ́nà tí ó sì kan irin, gbogbo agbára bátìrì ni yóò tú jáde níbẹ̀. Fíúsì tí ó wà lẹ́bàá bátìrì nìkan ló lè dá a dúró. Fún oní-600, 80 ámpíà. Fún oní-1000, 125. Bí ìwé tí ó bá ínfátà wá bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí á tẹ̀lé. Níbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin kọjá, kí á fi òrùka rọ́bà sí i.

Ní ìkẹyìn, kí ínfátà wà ní pípa nígbà tí a bá ń so ó. Pupa sí pọ́sítíìfù, dúdú sí nẹ́gétíìfù. Ẹni tí ó bá gbé e sódì ti ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ta “tàà” lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wáyà bá kọ́kọ́ kàn án, kì í ṣe àrùn.

Bí a ṣe ń lò ó

Bátìrì ọkọ̀ wà fún sítáàtì, kò wà fún kí á fà á gbẹ. Nínú bátìrì oní-60 ámpíà-wákàtí, kọ̀ǹpútà méjì lè fa nǹkan bí 25 láàárín wákàtí méjì bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́. Ìyẹn sún mọ́ ìdajì. Ọ̀pọ̀ ínfátà kì í pa ara rẹ̀ títí bátìrì yóò fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 10.5 fóòtì, nígbà náà ọkọ̀ kò ní í lè sítáàtì mọ́. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì sinmi, máa ń jẹ́ nǹkan bí 12.6. Bí ó bá ti di 12.2, kí á ṣíwọ́.

Bí a bá ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ewu tí ó burú ju iná lọ ti dé. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tí ó ń fà á sínú lè sùn lọ láìjí mọ́. Ẹ má ṣe ṣí ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a tì. Ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìta gbangba.

Iná tí ó ń jáde lára ínfátà lè pa ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ti inú ilé. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ má ṣe fi í ti iná bọ sókẹ́ẹ̀tì ògiri ilé láéláé. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ bá a gbé inú ọkọ̀ kan náà. Bí ó bá ń ké, ẹ gbọ́ tirẹ̀: ó ń sọ pé iná tí ń dé ọ̀dọ̀ òun kò tó, ó lè jẹ́ bátìrì, ó sì lè jẹ́ wáyà. Bí ohunkóhun bá ń rùn, wàràwàrà ni à ń yọ oró iná. Ẹ pa ínfátà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ já bátìrì, ẹ má sì da omi sí i. Ohun ìpaná oníyẹ̀fun tí òfin ojú pópó ní kí á máa gbé kiri ni kí ẹ lò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá tún jókòó fún wa, ó tún ki ẹfọ̀n. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àná. Gbogbo wa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn la mọ̀ pé ìjálá kì í jáde lẹ́nu bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ wa ti kú kí bàbá tó dákẹ́, èyí tí ó sì sọ láàárín ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ti ra wáyà àti fíúsì tí ó tọ́ báyìí. Owó wọn kò tó ìdajì owó ínfátà náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ó jáde lọ ṣe ìwádìí lọ́dún tí ń bọ̀, kí ẹ tó gbéra, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì wò. Ire o.