Ilẹ̀ Tí Ogún Pín, Orúkọ Tí Kò Ṣeé Pín: Ọgbà Àjàrà Bourgogne ní Ilẹ̀ Faransé

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan láàárín yín máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka wa nínú ọ̀rọ̀ ọtí. Èsì mi kò gùn. Kì í ṣe ọtí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ọtí náà ti jáde, orúkọ tí a fún ilẹ̀ náà, àti àwọn tí ó jogún rẹ̀. Mo yan Bourgogne, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, nítorí pé èmi kò mọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ogún ti wọ inú ìgò ọtí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ àjàrà àti ọgbà àjàrà, láì tíì fi ojú kan igi náà rí. Àjàrà ni n ó máa pe igi náà. Ohun mímu tí a ń rí láti inú èso rẹ̀, wáìnì ni n ó máa pè é. Èmi kò ní pè é ní ẹmu, nítorí ẹmu ní ìwà tirẹ̀: a dá a ní òwúrọ̀, ó ti ń kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wáìnì Bourgogne tí ó dára lè wà nínú ìgò fún 20 ọdún kí adùn rẹ̀ tó pé. Ohun tí ó bá ń pẹ́ báyìí ni ènìyàn lè kọ orúkọ oko àti ọdún ìkórè sí lára, kí ó sì tà á fún ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà oko náà.

Ibi tí ó lókìkí jù lọ ní Bourgogne ni wọ́n ń pè ní Côte d'Or. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Dijon, ó sì lọ sí ìhà gúúsù ní nǹkan bí 50 kìlómítà. Ní ibòmíràn, ìbú rẹ̀ kò tó kìlómítà kan. Apá àríwá ni Côte de Nuits, tí wáìnì pupa rẹ̀ lórúkọ. Apá gúúsù ni Côte de Beaune, níbi tí wọ́n ti ń ṣe pupa àti funfun. Pinot noir ni àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe pupa, Chardonnay ni ti funfun. Bí àjàrà bá jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn, a jẹ́ pé ilẹ̀ àti ọwọ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè mú ìyàtọ̀ wá.

Ilẹ̀ náà sì ń yàtọ̀ lóòótọ́. Òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí amọ̀ dà pọ̀ mọ́, ohun tí òkun àtijọ́ fi sílẹ̀ ní èyí tí ó lé ní 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lókè téńté, erùpẹ̀ fẹ́lẹ́, òkúta pọ̀. Nísàlẹ̀, erùpẹ̀ jìn, omi a sì máa dúró sí i. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó dára jù: omi kò dúró, oòrùn òwúrọ̀ sì ń kọjú sí i tààrà. Ìpín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ní orúkọ àti ààlà ni wọ́n ń pè ní climat. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú èdè Faransé ibòmíràn ni bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí. Ní Bourgogne, ó ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àjọ UNESCO kọ àwọn climat wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní oṣù keje ọdún 2015, iye wọn jẹ́ 1,247. Òfin tò wọ́n sí ipò: grand cru ni ó ga jù, tí wáìnì rẹ̀ kò tó ìdá 2 nínú 100 gbogbo wáìnì Bourgogne; premier cru ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ wáìnì tí ń jẹ́ orúkọ abúlé, àti èyí tí ń jẹ́ Bourgogne lásán. Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ ni ó ní ipò, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín. Ní Médoc, lẹ́bàá Bordeaux, ilé àti orúkọ olóko ni wọ́n fi oyè fún ní 1855. Olóko náà lè ra ilẹ̀ aládùúgbò kún tirẹ̀ kí oyè rẹ̀ má sì yẹ̀. Ní Bourgogne, bí ọba bá ra ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ náà ni.

Ta ni ó kọ́kọ́ ya àwọn ààlà wọ̀nyí? Àwọn mọ́ńkì ni ó kó èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe. Ní 1098 ni wọ́n dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Cîteaux, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò jìnnà sí òkè náà. Wọ́n ń gba ilẹ̀ lẹ́bùn, wọ́n ń rà, wọ́n ń fi ìpín kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn, títí wọ́n fi mọ odi yí oko ńlá kan ká ní Vougeot. Ní 1336, odi náà ti parí. Ìtàn kan wà tí àwọn atọ́nà àlejò fẹ́ràn láti máa sọ, pé àwọn mọ́ńkì a máa fi ahọ́n tọ́ erùpẹ̀ wò. Èmi kò gbà á gbọ́. Ẹni tí ó ro oko kan náà fún ọ̀rúndún mẹ́fà kò nílò kí ó jẹ erùpẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí ó dára. Àwọn ìjòyè náà kó ipa tiwọn. Ní 1395, Dúùkù Philippe le Hardi pàṣẹ pé kí wọ́n hú àjàrà Gamay, tí ń so yanturu ṣùgbọ́n tí wáìnì rẹ̀ kò wù ú, kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ náà kò múlẹ̀ kíákíá, nítorí ebi kì í gbọ́ àṣẹ. Síbẹ̀ Pinot noir ni ó borí nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí rògbòdìyàn ńlá ti 1789 dé, ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ilẹ̀ ìjọ Àgùdà di ti orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní 1791 wọ́n ta oko Vougeot. Ohun tí ó jinlẹ̀ ju títà yìí lọ ni ìwé òfin Napoléon tí ó jáde ní 1804. Òfin náà kò fi àkọ́bí ṣe ààyò. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìpín kan náà ni. Bàbá lè ya apá kan nínú ohun ìní rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó wù ú, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọmọ kankan kúrò nínú ogún. Bí a bá fi èdè tiwa sọ ọ́, orí-ò-jorí ni, kì í ṣe ìdí-igi.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní hẹ́kítà 8, ó bí ọmọ 4. Hẹ́kítà 2 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bí ọmọ 4, ìdajì hẹ́kítà ni ọmọ-ọmọ yóò rí gbà. Ìyẹn gan-an kò tíì burú tó. Hẹ́kítà 8 yẹn kì í sábà wà lójú kan. Ó lè jẹ́ climat 10 ní abúlé 3, tí ipò wọn kò dọ́gba. Kí ẹnì kan má baà mú ọ̀rá kí ẹlòmíràn mú egungun, wọ́n lè pín climat kọ̀ọ̀kan ní ìlà-ìlà, bí ẹni ń pín aṣọ ẹbí. Ìgbéyàwó a tún so díẹ̀ pọ̀, ikú a tún tú u ká.

Oko ológiri tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, Clos de Vougeot, fi ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ hàn. Lẹ́yìn títà ti 1791, ó tún bọ́ sí ọwọ́ ẹbí Ouvrard ní 1818, ó sì wà lódidi títí di 1889 tí wọ́n fi tà á fún oníṣòwò bíi mélòó kan. Títà àti ogún ti ń gé e láti ìgbà náà. Lónìí, nǹkan bí hẹ́kítà 50 ni, àwọn tí ó ni ín sì tó 80. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà lára ìgò gbogbo wọn, ipò kan náà sì ni, grand cru. Mo ti rìn yí odi náà ká lẹ́yìn òjò. Lókè, lẹ́bàá ilé ńlá tí àwọn mọ́ńkì kọ́, bàtà mi ń ta òkúta. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò, ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ mi. Lójú tèmi, odi ni òfin tẹ̀ lé níhìn-ín, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra Clos de Vougeot gbọ́dọ̀ béèrè pé ta ni ó ṣe é àti pé ìlà tirẹ̀ wà ní apá ibo.

Orúkọ kì í pín, ṣùgbọ́n a máa tàn kálẹ̀. Láàárín wa, bí obìnrin bá bímọ, a kì í sábà pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Bọ́lá ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn abúlé Bourgogne ṣe. Gevrey ni ó ni oko Chambertin. Ní 1847 ó gba orúkọ oko náà mọ́ tirẹ̀, ó di Gevrey-Chambertin. Ní 1879, Puligny àti Chassagne, tí oko Montrachet wà ní ààlà wọn, jọ mú orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbà fún ẹnì kejì. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe fi Gevrey-Chambertin pe Chambertin. Ìyá kì í ṣe ọmọ, owó wọn kò sì jọra.

Ogún pínpín yìí ni ó fún àwọn alágbàtà ní agbára. Ẹni tí ìlà rẹ̀ nínú climat kan kò mú ju àgbá kan lọ, àgbá tí ń gba 228 lítà, kò lè rọ ọ́ sí ìgò kí ó sì wá ọjà fún un. Ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò Beaune àti Nuits, àwọn ni wọ́n ń pò ó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí kòkòrò phylloxera, tí ń pa gbòǹgbò àjàrà, dé Côte d'Or ní 1878, wáìnì wọ́n, èrú sì gbilẹ̀: wọ́n ń fi orúkọ Bourgogne bo ọtí tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. A rí ìwòsàn kòkòrò náà nípa lílọ́ àjàrà Faransé mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà. Ìwòsàn èrú pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn 1920, àwọn olóko bíi Marquis d'Angerville ní Volnay àti Henri Gouges ní Nuits-Saint-Georges kojú àwọn alágbàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọtí tiwọn sí ìgò fúnra wọn. Òfin oṣù keje ọdún 1935 ni ó wá sọ orúkọ ilẹ̀ di ohun tí ìjọba ń dáàbò bò.

Ìṣẹ́gun náà ni ó bí ìṣòro òde òní. Bí orúkọ ti níyì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń wọ́n. Hẹ́kítà kan nínú grand cru Côte d'Or ti kọjá mílíọ̀nù 6 owó yúrò. Owó orí ogún nílẹ̀ Faransé lè dé ìdá 45 nínú 100 fún ọmọ tí ó jogún ohun ńlá, iye tí ọjà ń pe ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe èrè tí àgbẹ̀ ń rí níbẹ̀ lọ́dún. Ọmọ tí kò fẹ́ tà wá ń san owó bí ẹni tí ó tà. Àbúrò tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Paris náà ń béèrè ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó dúró ti oko. Láti 1970, òfin ti fún àwọn ẹbí láyè láti da ilẹ̀ pọ̀ sínú ẹgbẹ́ ìdílé, kí wọ́n máa pín ìwé ìní dípò kí wọ́n máa gé ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ilẹ̀ lé àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó máa fi apá kan nínú wáìnì tàbí èso san ìṣákọ́lẹ̀.

Àwọn olówó ńlá ti dé. Ilé iṣẹ́ LVMH ra Clos des Lambrays ní 2014. Ní 2017 ni ilé iṣẹ́ ẹbí Pinault ra Clos de Tart, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ní láti 1141, tí ẹbí kan náà sì ti mú dání láti 1932. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Clos de Tart jẹ́ oko tí a kò tíì pín rí. Ohun tí ó wà lódidi ni olówó lè fi ọjọ́ kan rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gbogbo Clos de Vougeot yóò kan ìlẹ̀kùn 80. Èmi kò sọ pé òfin 1804 ní èyí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìpín tí àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn sí ti di odi kejì yí oko náà ká.

Ojú ọjọ́ pàápàá ti ń yí padà. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè wà ní Beaune láti 1354. Láti 1988, ìkórè ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ 13 yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìrúwé tí ó ń yá sì ń ko ìrì dídì lójú, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Bóyá àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò máa jẹ́ ibi tí ó dára jù títí lọ, àwọn tí oko wọn wà lókè ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn.

Olóko kan ṣoṣo wà tí ìṣòro ogún kò kàn. Ní 1443, Nicolas Rolin, olùdámọ̀ràn àgbà Dúùkù Philippe le Bon, àti aya rẹ̀ Guigone de Salins dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní ní Beaune. Láti ọ̀rúndún 15 ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọgbà àjàrà ta á lọ́rẹ. Ó ti ní nǹkan bí hẹ́kítà 60. Ilé ìwòsàn kì í kú, kò sì bímọ. Láti 1859 ni wọ́n ti ń ta wáìnì rẹ̀ ní gbàǹjo, àgbá kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù kọkànlá. Orúkọ àwọn tí ó fi ilẹ̀ náà tọrẹ ni wọ́n sì ń pè sókè kí àwọn olùrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lé e.