Ife Tàbí Fídà? Ohun Èlò Tó Yẹ Ìyá Ìkókó Tó Ń Lọ Oko

Bí ìkórè bá ti ń súnmọ́ ni àwọn ìyá ìkókó máa ń bi wá pé: "Mo fẹ́ padà sí oko, irú fídà wo ni kí n rà?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ wá dáko sí ọ̀nà jíjìn kì í sábà ní ìyá tàbí ìyá ọkọ nítòsí tí yóò bá a gbé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni èpò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ẹ tó náwó.

Ní ìkórè kan, a bá ọmọ oṣù 4 kan nínú ilé tí a bẹ̀ wò. Ìyá rẹ̀ ti ra fídà, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tí kò ju ọdún 9 lọ, ló sì ń fi bọ́ ọ. Ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ náà dúbúlẹ̀, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti rì wọnú. Nígbà tí a tú fídà náà, wàrà àná ti gan mọ́ inú orí rọ́bà rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe onídọ̀tí. Ohun èlò tó rà ni kò bá ilé rẹ̀ mu.

ỌMÚ NI ÀKỌ́KỌ́

Fún oṣù 6 àkọ́kọ́, ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu: kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Lẹ́yìn náà ni a ó fi oúnjẹ kún un, ṣùgbọ́n kí ó máa mu ọmú lọ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé oòrùn yóò fi òùngbẹ pa ọmọ. Bí a bá pín omi ọmú sí ọ̀nà 100, ó tó 87 nínú rẹ̀ tó jẹ́ omi gan-an. Ọmọ tó bá mu ún yó kò nílò omi mìíràn.

Bí oko kò bá jìnnà, kí ìyá pọn ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ń fọ́n oògùn apakòkòrò tàbí oògùn èpò, kí ọmọ má dé oko. Ìyá tó bá lo oògùn náà gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó tó gbé ọmọ sọ́mú.

FÍFÚN OMI ỌMÚ SÍLẸ̀

Bí ó bá di dandan kí ọmọ dúró sílé, ìyá lè fún omi ọmú sílẹ̀ dè é. Ohun èlò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni: ọwọ́ ìyá. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ó fi àtàǹpàkò sí òkè, kí ó fi ìka yòókù sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi dúdú tó yí orí ọmú ká. Kí ó tì wọ́n sẹ́yìn sí àyà, kí ó fún un pọ̀, kí ó sì dẹ ọwọ́, léraléra. Kò gbọdọ̀ dùn ún. Ó lè má tètè sun, ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù. Kí ó máa pààrọ̀ ọmú ní ìṣẹ́jú 3 sí 5, fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ má ra èyí tó ní rọ́bà roboto bíi ti fèrè kẹ̀kẹ́. Ó máa ń dun orí ọmú, wàrà a sì máa wọ inú rọ́bà náà níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí ẹ óò bá ra ẹ̀rọ, ẹ mú èyí tó ṣeé tú, tí ẹ lè fọ gbogbo ara rẹ̀ lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iná kò ti dúró, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ rà.

IFE SÀN JU FÍDÀ LỌ

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí fídà ṣe rí nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, orí rọ́bà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ife kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọṣẹ àti omi gbígbóná tó o. Ọmọ tí fídà bá sì ti mọ́ lára lè máa kọ ọmú.

Kí ẹni tó ń bọ́ ọmọ gbé e jókòó sórí itan. Kí ó fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa lá a. Ẹ má rọ ọ́ o!

Ohun tó yẹ kí ẹ rà nìwọ̀nyí:

1. Ife kékeré 2 tí inú wọn dán.
2. Ife olómorí 1 fún títọ́jú omi ọmú.
3. Ìkòkò tí ẹ óò fi máa sè wọ́n. Kí omi hó fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ má ṣe lo ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì tí oògùn oko ti wà nínú rẹ̀ rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Májèlé ni.

Ẹ gbé omi ọmú náà síbi tútù, kí ẹ má jẹ́ kí ó kọjá wákàtí 4. Bí ooru bá mú gan-an, kí ọmọ tètè mu ún. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kò lọ, ó lè lo ọjọ́ 4. Ẹ má gbé e kaná. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ gbé ife náà sí. Èyí tí ọmọ bá mu kù, bí ó bá ti kọjá wákàtí 2, ẹ dà á nù.

MÍLÍÌKÌ INÚ AGOLO

Bí ìyá bá ṣaláìsí, tàbí bí dókítà bá pàṣẹ, mílíìkì ìkókó lè di dandan. Ṣíbí inú agolo náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi lé e kí agolo lè pẹ́, ebi ló ń fi pa ọmọ. Omi tó ti hó ni kí ẹ lò, kí ó má tíì tutù ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Kí ẹ wá jẹ́ kí mílíìkì náà rọlẹ̀ kí ọmọ tó mu ún. Mílíìkì àgbàlagbà kì í ṣe ti ìkókó.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán ọmọ tó sanra lára agolo tàn yín. Láti ọdún 1981 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fi ẹnu kò sí ìlànà tó kọ pípolówó irú mílíìkì bẹ́ẹ̀ fún aráàlú, Nàìjíríà náà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1990.

Ẹ̀yin bàbá, owó ife 2 kò tó owó fídà àti agolo mílíìkì. Ẹ fi èyí tó kù ra ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja fún ìyá ọmọ. Ẹni tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń fún ọmú tàbí bí a ṣe ń fi ife bọ́ ọmọ, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa. A ó jọ ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.